Bíráúsà Tí A Kò Fẹ́: Ìdí Tí "Ẹ Fi Sílẹ̀, Kò Ṣe Nǹkan Kan" Kò Fi Jẹ́ Òdodo

Èrò kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Èkó, débi pé àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe àti àwọn tó ń fi ìmọ̀ rẹ̀ kọ́ni pàápàá fara mọ́ ọn. Èrò náà ni pé bíráúsà tí èèyàn kò fẹ́, ìyẹn ètò bíi Chrome, Edge, Firefox tàbí Opera tí a fi ń ṣí ojú ewé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò pa ẹnikẹ́ni lára; pé ọ̀fẹ́ ni; pé bí ó bá ń bí ẹni nínú, kí á pa àmì rẹ̀ rẹ́ kúrò lójú kọ̀ǹpútà kí ọ̀rọ̀ sì tán; àti pé èyí tó bá Windows wá, ìyẹn Edge, kò ṣeé yọ rárá, nítorí pé ara kọ̀ǹpútà ni. Kò sí ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí tó dúró bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò. Bíráúsà tí a kò fẹ́ ń náni lówó, ó ń tọ́jú àṣírí ẹni fún ẹlòmíràn, ó sì ṣeé yọ pátápátá. Bí ibì kan bá wà tí kò ti ṣeé yọ, ìpinnu oníṣòwò ló fà á, kì í ṣe bí wọ́n ṣe kan kọ̀ǹpútà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan agbègbè náà gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, èyí tí àwọn ará òkèèrè ti lò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ń gbà wọ Nàìjíríà. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó Àdéhùn Basel, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí ìdọ̀tí eléwu, tó wà ní Ìbàdàn jọ ṣe, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2018, fi hàn pé ní ọdún 2015 àti 2016, nǹkan bíi 60,000 tọ́ọ̀nù ohun èlò oníná tí wọ́n ti lò rí ló ń gba èbúté Èkó wọlé lọ́dọọdún, pé inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sí, àti pé Jámánì àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣáájú nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti kó wọn wá. Kọ̀ǹpútà wà lára ẹrù náà. Èyí tó bá gba èbúté Tin Can wọlé lónìí lè wà lórí tábìlì ajẹ́ntì kan ní Wharf Road ní Àpápá lọ́dún yìí, kí wọ́n tà á fún oní-bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Boundary ní Ajégúnlẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kí ó sì já sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ojo Road lẹ́yìn náà. Ọwọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá kàn ń gbé bíráúsà tirẹ̀ lé e, ṣàṣà sì ni ẹni tó ń yọ tirẹ̀ kí ó tó gbé e fún ẹlòmíràn.

Ohun tó jẹ́ kí àwọn èèyàn gbà pé àmì tó lọ ni bíráúsà tó lọ ni pé wọ́n rò pé ojú kan ṣoṣo ló wà. Apá mẹ́ta ni bíráúsà ní. Apá kìíní ni ètò náà fúnra rẹ̀, tó sábà máa ń wà nínú fóldà tí Windows ń pè ní Program Files. Apá kejì ni àkójọ ohun tí ẹni tó lò ó ti ṣe: ojú ewé tó ṣí, fọ́ọ̀mù tó kọ, ọ̀rọ̀ aṣínà, ìyẹn páásíwọ́ọ̀dù, tó ní kí bíráúsà bá òun rántí, àti kúkì, ìyẹn fáìlì kékeré tí ojú ewé fi ń dá ẹni mọ̀ nígbà tó bá tún padà wá. Inú fóldà mìíràn tó ń jẹ́ AppData ni àwọn wọ̀nyí wà, Windows sì fi fóldà náà pamọ́ kí ojú má baà tètè tó o. Apá kẹta ni àwọn okùn tí bíráúsà ta mọ́ Windows: iṣẹ́ tó ń jí fúnra rẹ̀ bí a bá ti tan kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ alákòókò tó ń wá ẹ̀dà tuntun kiri, àti àwọn àṣẹ tó kọ sínú registry, èyí tí í ṣe ìwé tí Windows ń kọ gbogbo ètò àti ìlànà rẹ̀ sí. Àmì tó wà lójú kọ̀ǹpútà kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá pa á rẹ́ kò tíì yọ ohunkóhun.

Kódà ẹni tó gba ọ̀nà tó tọ́ lè má tíì ṣe é tán. Bí a bá ṣí Settings, tí a wọ Apps, tí a yan Google Chrome tí a sì tẹ Uninstall, pátákó kékeré kan yóò jáde láti béèrè bóyá a fẹ́ yọ ọ́ lóòótọ́, àpótí kan yóò sì wà lábẹ́ ìbéèrè náà tó ń béèrè bóyá kí ó pa àkójọ ìlò wa rẹ́ pẹ̀lú. Òfìfo ni àpótí náà máa ń wà, àfi bí a bá fọwọ́ ara wa fi àmì sí i. Ẹni tó ń kánjú kò ní kà á. Á tẹ bọ́tìnnì, ètò náà á lọ, ṣùgbọ́n fóldà tó ń jẹ́ User Data á ṣì wà ní AppData, pẹ̀lú àwọn fáìlì History, Cookies àti Login Data nínú rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá tún gbé Chrome sórí kọ̀ǹpútà náà lọ́la, tó sì jẹ́ pé orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń wọ Windows, ohun tí ẹni àkọ́kọ́ fi sílẹ̀ á padà síta bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé Chrome kì í kọ ọ̀rọ̀ aṣínà sílẹ̀ gbangba, pé ńṣe ló ń sọ ọ́ di àmì tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n orúkọ tí a fi wọ Windows ló mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání. Ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tí gbogbo oníbàárà ti ń lo orúkọ kan ṣoṣo láti àárọ̀ dalẹ́, gbogbo wọn ni kọ́kọ́rọ́ náà wà lọ́wọ́ wọn. Ibẹ̀ ni ọmọ Ajégúnlẹ̀ ti ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB, ibẹ̀ ló ti ń wo èsì WAEC rẹ̀, ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ti ń tẹ nọ́ńbà NIN rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Ní ọ́fíìsì àwọn ajẹ́ntì tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté, íméèlì nípa ìwé ẹrù, owó orí aṣọ́bodè àti nọ́ńbà kọ̀ńténà ló ń gba inú bíráúsà kọjá lójoojúmọ́. Nígbà tí wọ́n bá ta irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ láìyọ apá kejì tí a ṣàlàyé yìí, kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n tà. Wọ́n ta ìdánimọ̀ àwọn oníbàárà mọ́ ọn.

Ìṣirò owó náà kò ti "kò ṣe nǹkan kan" lẹ́yìn. Láti ọdún 2021 ni Chrome àti Edge ti ń gbé ẹ̀dà ńlá tuntun jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, yàtọ̀ sí àtúnṣe kéékèèké tó ń jáde láàárín wọn, bíráúsà tí ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀ sì ń wá tirẹ̀ gbà bí èyí tí wọ́n ń lò ṣe ń ṣe. Ní ìlú tí íntánẹ́ẹ̀tì ilé ti ń wọlé láti orí wáyà láìníwọ̀n, ọ̀rọ̀ yìí lè fúyẹ́. Ní Ajégúnlẹ̀, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ti ń fa íntánẹ́ẹ̀tì sínú kọ̀ǹpútà, dátà tí wọ́n sì fi owó wọn rà ni bíráúsà náà ń jẹ. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi owó tó tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó iṣẹ́ wọn. Ẹni tó ń sọ pé bíráúsà mẹ́ta lórí kọ̀ǹpútà kan kò gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kò ka owó dátà sí owó.

Ibi tó tún ti ń dunni ni RAM, ìyẹn ojú iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ́ ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tòkunbọ̀ kò ní ju 4GB lọ, iye yẹn gan-an sì ni Windows 11 kà sí èyí tó kéré jù lọ tí òun lè fi ṣiṣẹ́. Edge ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní startup boost, tó ń mú kí apá kan rẹ̀ máa ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ láti ìgbà tí a bá ti wọ Windows, kí ó lè tètè ṣí bí a bá pè é. Ẹni tí kì í pè é kò jèrè nínú èyí, ṣùgbọ́n ó ń san gbèsè rẹ̀: kọ̀ǹpútà rẹ̀ á máa falẹ̀, á ní ó ti gbó, á sì lọ wá owó òmíràn.

Èyí tó tún burú ju ìwọ̀nyí lọ ni bíráúsà tó fi ẹ̀tàn wọlé. Ó sábà máa ń bá ètò ọ̀fẹ́ tí èèyàn gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá, nítorí pé àmì ìfọwọ́sí ti wà nínú àpótí kan kí olùgbà tó dé ibẹ̀. Irú rẹ̀ ló ń yí ibi tí a ti ń wá nǹkan padà sí ti ẹni tó ṣe é, tó ń fi ìpolówó síwájú ẹni, tó sì ń kọ àṣẹ sínú registry débi pé nígbà tí a bá yọ ọ́ tán, Chrome tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ á máa sọ pé iléeṣẹ́ kan ló ń ṣàkóso òun, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà kò ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ kankan. Àfòmọ́ ni; bí a bá já ewé rẹ̀ lásán, á tún hù.

Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà agbègbè náà ní sí gbogbo èyí ni pé kí wọ́n fọ́ọ̀mátì kọ̀ǹpútà, ìyẹn ni pé kí wọ́n nu gbogbo inú rẹ̀ kí wọ́n sì gbé Windows tuntun lé e. Ó ní ibi tí ìdáhùn yìí ti wúlò, pàápàá fún kọ̀ǹpútà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òkèèrè tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ bíráúsà. Windows tuntun náà á gbé Edge wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó bá jẹ́ èyí tí wọ́n kó láti inú fláàṣì tí kò ní ìwé àṣẹ ni, ètò tí wọ́n fi já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lè gbé ohun tó léwu ju bíráúsà lọ wọlé. Fọ́ọ̀mátì oníkánjú kì í sì í nu ohun tó wà lórí dísíìkì lóòótọ́. Ó ń pa àtòkọ rẹ̀ rẹ́ ni, ẹni tó bá mọ ọ̀nà sì lè hú fáìlì náà jáde. Oníbàárà tó fẹ́ kí wọ́n yọ ohun kan ṣoṣo ti pàdánù ìwé, àwòrán àti iṣẹ́ rẹ̀, ohun tó ní kí wọ́n yọ sì tún padà bá a. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ó ku ọ̀rọ̀ tí àwọn alátakò gbójú lé jù, pé bíráúsà tó bá Windows wá kò ṣeé yọ nítorí pé ara kọ̀ǹpútà ni. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn, ilé ẹjọ́ sì ti gbọ́ ọ rí. Ní ọdún 1995 ni Microsoft, iléeṣẹ́ tó ṣe Windows, gbé bíráúsà Internet Explorer jáde láti bá bíráúsà Netscape díje. Nígbà tí Windows 98 fi máa dé, iléeṣẹ́ náà ti so bíráúsà rẹ̀ mọ́ Windows, ó sì ń sọ pé ọ̀kan kò lè gbé láìsí èkejì. Ìjọba Amẹ́ríkà pè é lẹ́jọ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 1998. Edward Felten, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Princeton, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ṣe ètò kan tó mú Internet Explorer kúrò lójú Windows 98, wọ́n sì gbé e wá síwájú ilé ẹjọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2001, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé ìdájọ́ ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ tó ní kí wọ́n pín Microsoft sí méjì, ṣùgbọ́n ó fara mọ́ ọn pé iléeṣẹ́ náà rú òfin nígbà tó yọ Internet Explorer kúrò nínú àtòkọ àwọn ètò tí oníkọ̀ǹpútà lè fúnra rẹ̀ yọ, tó sì po kóòdù rẹ̀ mọ́ ti Windows. Àdéhùn tó tẹ̀ lé e kàn jẹ́ kí àwọn èèyàn lè fi bíráúsà náà pamọ́ ni. Láti ìgbà náà ni fífi pamọ́ ti ń jẹ́ orúkọ yíyọ.

Yúróòpù kò fi mọ síbẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2009, Microsoft ṣèlérí fún Ìgbìmọ̀ Yúróòpù pé òun yóò máa fi ojú ewé kan síwájú àwọn tó ń lo Windows kí wọ́n lè yan bíráúsà tó wù wọ́n. Nígbà tí iléeṣẹ́ náà sì yẹ àdéhùn, wọ́n bu ìtanràn mílíọ̀nù 561 owó yúrò lé e ní oṣù kẹta ọdún 2013. Lẹ́yìn náà ni Òfin Ọjà Dígítà dé, èyí tí ó di dandan fún àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá láti oṣù kẹta ọdún 2024, tó sì pàṣẹ pé kí ó rọrùn fún oníkọ̀ǹpútà láti yọ ètò tó bá ẹ̀rọ rẹ̀ wá, àyàfi èyí tí ẹ̀rọ kò lè ṣe láìsí. Kí ni Microsoft ṣe? Ó jẹ́ kí Edge ṣeé yọ ní Yúróòpù. Windows kò wó, kọ̀ǹpútà kò bàjẹ́, ìgbésí ayé sì ń bá a lọ.

Kí àwọn alátakò ronú sí ohun tó kàn yìí. Ohun tí Windows fi ń mọ̀ bóyá òfin Yúróòpù kan kọ̀ǹpútà kan ni orílẹ̀-èdè tí a yàn nígbà tí a ń tò ó ní àkọ́kọ́, kò sì ṣeé yí padà àfi bí a bá tún gbogbo rẹ̀ tò. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà alágbèéká tó wà ní Hamburg ní Jámánì lánàá, tí Edge ṣeé yọ lórí rẹ̀, lè gba Tin Can wọlé, kí ẹnjiníà kan ní Àpápá fọ́ọ̀mátì rẹ̀, kí ó yan Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè, kí bọ́tìnnì Uninstall sì ṣú, kí ó má ṣeé tẹ̀ mọ́. Irin kan náà ni, dísíìkì kan náà, Windows kan náà. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni orílẹ̀-èdè tí wọ́n kọ sí i. Ta ló tún lè wo èyí kí ó sọ pé ara kọ̀ǹpútà ni bíráúsà? Kò sì yẹ kí ará Àpápá máa parọ́ fún kọ̀ǹpútà rẹ̀ pé Jámánì ni òun ń gbé kí ó tó lè pàṣẹ lórí ohun tó fi owó ara rẹ̀ rà.

Àtakò kan wà tó yẹ kí á dá lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí pé àwọn tó ń sọ ọ́ mọ iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní ètò bíi Teams àti Outlook tuntun ń lo WebView2, ìyẹn ẹ̀yà Edge tó ń bá ètò mìíràn ṣí ojú ewé, àti pé ẹni tó bá ya Edge dànù pẹ̀lú àṣẹ tó rí he lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè ba gbogbo wọn jẹ́. Òótọ́ ni pé irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ léwu, pàápàá èyí tí a kò mọ ẹni tó kọ ọ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi í sórí kọ̀ǹpútà tó ń fi jẹun. Ṣùgbọ́n WebView2 dá dúró nínú àtòkọ Apps gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀tọ̀, ó sì ń wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí Edge bá ti lọ. Ohun tí àtakò yìí fi hàn ni pé ọ̀nà ẹ̀bùrú léwu. Kò fi hàn pé yíyọ fúnra rẹ̀ léwu. Ìdí tí àwọn èèyàn fi ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú kò sì ju pé wọ́n ti ìlẹ̀kùn iwájú mọ́ wọn lọ.

Fún àwọn bíráúsà yòókù, ìlẹ̀kùn iwájú ṣí sílẹ̀, iṣẹ́ náà sì ní ètò. Kí á kọ́kọ́ rí i dájú pé bíráúsà mìíràn tí a fẹ́ ti wà lórí kọ̀ǹpútà, kí á sì kó àwọn ojú ewé tí a fi àmì sí jáde. Kí á jáde kúrò nínú àkáǹtì tí a fi wọ bíráúsà náà, nítorí pé ohun tó ti lọ sórí ẹ̀rọ iléeṣẹ́ òkèèrè kò ní í bá ètò náà lọ. A gbọ́dọ̀ wọ ojú ewé àkáǹtì fúnra rẹ̀ láti yọ kọ̀ǹpútà náà kúrò nínú àtòkọ ẹ̀rọ wa. Lẹ́yìn náà ni kí á yọ ètò náà láti inú Apps, kí á má sì gbàgbé àpótí tó ń béèrè nípa àkójọ ìlò. Kí á tún wo AppData, nínú Local àti nínú Roaming, nítorí pé Firefox àti Opera máa ń kó nǹkan sí Roaming. Ní ìparí, kí á wo Startup nínú Task Manager àti àtòkọ inú Task Scheduler bóyá okùn kan ṣì kù, kí á tan kọ̀ǹpútà náà padà, kí á sì tún wò ó. Iṣẹ́ tí ẹnjiníà lè fi kọ́ ọmọṣẹ́ rẹ̀ láàárín ọ̀sán kan ni.

Ajégúnlẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2007 ni Paradigm Initiative ti bẹ̀rẹ̀ ètò tó ń fi ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀. Ohun tó kù ni pé kí àwọn tó ń kọ́ni ní ìlò kọ̀ǹpútà fi bí a ṣe ń yọ nǹkan kún bí a ṣe ń gbé nǹkan sórí rẹ̀, nítorí pé ìmọ̀ tó mọ ìwọlé tí kò mọ ìjáde kò tíì kún. Àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ náà ní ojúṣe tiwọn. Òfin ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní kí ẹni tó ń ta ohun tí wọ́n ti lò rí jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ bẹ́ẹ̀, Òfin Ààbò Dátà tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 sì fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí wọ́n pa àkọsílẹ̀ nípa òun rẹ́. Kọ̀ǹpútà tí ọ̀rọ̀ aṣínà oníbàárà àná ṣì wà nínú rẹ̀ kò yẹ lọ́jà.

Ìjọba pẹ̀lú kò lè sọ pé apá òun kò ká àwọn iléeṣẹ́ ńlá. Ní oṣù keje ọdún 2024, àjọ FCCPC, tó ń ṣọ́ ìdíje ọjà àti ẹ̀tọ́ oníbàárà, bu ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, tó ni Facebook àti WhatsApp, lórí bí ó ṣe ń lo dátà àwọn ọmọ Nàìjíríà, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Àjọ tó lè ṣe èyí lè béèrè lọ́wọ́ Microsoft ìdí tí ohun tó ṣeé yọ ní Yúróòpù kò fi ṣeé yọ ní Èkó, kí ó sì dúró gba èsì. Títí tí bọ́tìnnì náà yóò fi ṣeé tẹ̀ ní Boundary bí ó ṣe ṣeé tẹ̀ ní Hamburg, kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ará Ajégúnlẹ̀ pé ọ̀rọ̀ bíráúsà tí kò fẹ́ kò tó nǹkan.